Òfin ní Èdè tí Ó Yé Ni: Iṣẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin láàárín Ìlú

Bí ó bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde sọ̀rọ̀ lórí òfin, èsì mi kò gùn: ọ̀rọ̀ ni a fi ṣe òfin, ọ̀rọ̀ náà ni a sì fi ń kọ́ ènìyàn ní òfin.

Ní ọdún 1972 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Georgetown, ní Washington, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní òfin tí ó kàn wọ́n lójoojúmọ́. Irú ètò yìí tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2003, a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà tí ó ń ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ní àwọn yunifásítì wa. Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kò tíì di agbẹjọ́rò. Ìlanilóye ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà wo ni wọn yóò gbà ṣe é?

Òfin Ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, abala 35, wí pé a gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí a fi mú ènìyàn fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tí ó yé e. Abala 36 fi kún un pé ẹni tí a fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, tí kò gbọ́ èdè ilé-ẹjọ́, yóò ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí òfin bá gbé ẹrù yìí ka ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ lórí, ẹrù akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ kọ́ ará ìlú kò lè fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ìtumọ̀ nìkan kò tó. Ẹ̀kọ́ kan wà tí òwe ti kọ́ wa tẹ́lẹ̀: agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ wọ abala 36 kò ní pẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọlé. Òmíràn wà tí òwe ń takò. Abala 35 fún ẹni tí a mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí ó yàn gbìmọ̀. Ṣùgbọ́n àwa ni a ń wí pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. A ní láti là á yé ará ìlú pé dídákẹ́ yìí kì í ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Dídúró de olùrànlọ́wọ́ ni.

Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù. Láyé àtijọ́, a lè mú ẹbí onígbèsè nítorí gbèsè rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ irú àṣà bẹ́ẹ̀ lè rò pé ó tọ́ bí ọlọ́pàá bá mú ìyá dípò ọmọ tí ó sá lọ. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ọdún 2015, abala 7, kọ̀ ọ́ pátápátá: a kò gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Abala 8 kò sì gbà kí a mú ènìyàn kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Ìyá tí ó wà ní àtìmọ́lé kò fẹ́ àlàyé gígùn. Gbólóhùn kan tí ẹbí rẹ̀ lè sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, láìgbọ̀n, ni yóò gbà á.

Àbá mi nìyí: kí Ẹ̀ka Òfin àti Ẹ̀ka Èdè jọ jókòó, kí a jọ ṣe irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, kí a sì sọ wọ́n sétígbọ̀ọ́ àwọn àgbà ọjà kí a tó fi rán akẹ́kọ̀ọ́ kankan jáde. Òfin tí kò yé ẹni tí a ṣe é fún, inú ìwé ni ó wà.