Ìbọn Wo Ló Yẹ Àgbẹ̀ Tí Ń Ṣọdẹ?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará wa sọ níbi ìpàdé wọn ní ìlú Enugu)

 

Ìbọn ni ẹ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Àwọn ọ̀dọ́ inú yín ló béèrè. Wọ́n ti rí ìbọn kan nínú sinimá kọ́bọ́ì, èyí tí ẹni tó gbé e ń já irin kan lábẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, tí ó ń dá a padà, tí ó sì ń yìn ín léraléra láìdúró. Wọ́n ní ṣé irú rẹ̀ kò ní dára fún wa: kí a máa fi pa ọ̀yà tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ wa lóko, kí a sì tún máa yìn ín níbi ìṣípà ọdẹ àti níbi ayẹyẹ?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti yẹ̀yẹ́. Owó ìbọn kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bí ènìyàn bá rí ẹyọ kan tí yóò ṣe iṣẹ́ méjì, ó jèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ti orí ọ̀rọ̀ mú un: iṣẹ́ ni í yan ìbọn, ìbọn kì í yan iṣẹ́. Ẹni tó bá fi ẹwà tàbí sinimá yan ìbọn, ó lè fi owó ra ẹjọ́, ó sì lè fi ra òkú.

Ìbọn kọ́bọ́ì

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìbọn yìí ti wá. Ilé-iṣẹ́ Winchester ló sọ ọ́ di olókìkí, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1873 àti èyí tí John Browning ya àwòrán rẹ̀, tó jáde ní ọdún 1894. Ọta rẹ̀ máa ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀pá kan lábẹ́ ẹnu ìbọn. Bí a bá já irin ìsàlẹ̀, kóròfo ọta yóò fò jáde, tuntun yóò sì gun òkè. Nítorí pé imú ọta kan ló ń kan ìdí èkejì nínú ọ̀pá náà, ọta tí imú rẹ̀ tẹ́ ni wọ́n ń kì sí i. Bí imú ọta bá ṣóńṣó, ó lè gún ìdí ti iwájú, kí ó bú mọ́ni lọ́wọ́.

Ní ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, àwọn kan ń fi ìbọn yìí ṣe eré ìdíje. Wọn a wọ aṣọ bíi ti kọ́bọ́ì àtijọ́, wọn a sì máa yìnbọn sí pákó irin tí kò jìnnà, kí wọ́n wo ẹni tó yára jù. Ọta òjé tí agbára rẹ̀ kò pọ̀, irú èyí tí ìbọn ìléwọ́ ń lò, ni wọ́n ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi irú ìbọn kan náà ṣọdẹ ẹran ńlá, ọta tó lágbára ju èyí lọ ló ń wá, irú èyí tí wọ́n ń pè ní .30-30. Nítorí náà, níbi tí ìbọn náà ti wá pàápàá, ẹni tó fẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo fún eré àti fún igbó ní láti gba àárín: yóò mú èyí tó ń lo ọta ìbọn ìléwọ́, yóò sì gbà pé ẹran tó bá sún mọ́ òun nìkan ni òun lè yìn. Ẹ̀yin náà rí i pé iṣẹ́ méjì kò rọrùn fún ìbọn kan.

Ohun tí òfin wí

Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Èkíní ni àwọn tí òfin kà léèwọ̀. Ìbọn arọ̀jò-ọta wà níbẹ̀, ìbọn ìléwọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ráífù ológun tí ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ jẹ́ mílímítà 7.62, mílímítà 9, ínṣì .300 tàbí ínṣì .303. Ẹ fi etí sílẹ̀ níhìn-ín: ìwọ̀n ẹnu ìbọn kọ́bọ́ì oní-.30-30 tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò yàtọ̀ sí ínṣì .300 yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà lẹ́nu oníṣòwò pé ìbọn eré lásán ni.

Èkejì ni ìbọn tí ènìyàn lè ní bí ó bá gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ìbọn oníkátíríìjì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin yọ èyí tó ń ki ara rẹ̀ kúrò, ó sì yọ èyí tó ní ẹ̀rọ tí a fi ń ki ọta mìíràn sí i. Bóyá sísàlẹ̀ ni a ń já irin rẹ̀, bóyá síwá sẹ́yìn ni a ń fà á, kò sí nínú ohun tí òfin fi sí abẹ́ ìwé yìí. Ráífù ìṣọdẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò sí nínú ti èkíní wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹta ni ìbọn tí a ń ti ẹnu kì: ṣakabùlà, oníṣáná òkúta, àti onífìlà. Òun náà ní òfin tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé torí pé bàbá bàbá òun ló ni ín, kò sí ẹni tó lè bi òun léèrè.

Òfin kan náà kò gbà kí a fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 ní ìwé àṣẹ, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Kí owó tó jáde lápò yín, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè ní ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tí ẹ wà. Ìwé ni í ṣáájú ìbọn. Ẹni tó bá fi ìbọn ṣáájú ìwé, ẹ̀wọ̀n ló ń wá.

Ilẹ̀ tí a wà

Ẹ wo ilẹ̀ yìí pẹ̀lú. Láti orí òkè Udi, ènìyàn ń wo òrùlé ilé ní Enugu nísàlẹ̀. Koríko pọ̀ lórí òkè, igi kò sì pọ̀ tó láti dá ọta dúró. Ọta ráífù tó tàsé ẹran lè rìn ju máìlì kan lọ. Ta ni ó mọ ẹni tó ń ṣa igi ní máìlì kan síwájú òun? Ọta wẹ́wẹ́ inú kátíríìjì kò rí bẹ́ẹ̀: bí yáàdì 35 sí 40 ni agbára rẹ̀ tó láti pa ẹran, yóò sì ti rọlẹ̀ kí ó tó jìnnà púpọ̀. Fún ọ̀yà, òkété, àparò àti ẹtu, èyí tó.

Àlejò ni a sì jẹ́ níhìn-ín. Ní Iva Valley, nínú ìlú yìí, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ìbọn ọlọ́pàá pa àwọn òṣìṣẹ́ èédú 21. Ìlú tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ kì í fi ìró ìbọn ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ ṣọdẹ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà abúlé náà, kí wọ́n mọ ojú rẹ̀, kí wọ́n sì mọ alẹ́ tí yóò jáde.

Bí a ṣe ń yan ìbọn igbó

Ní tiwa, ìbọn oníkátíríìjì ẹlẹ́nu kan ni a rò pé ó yẹ àgbẹ̀ jù. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kéré sí ti ẹlẹ́nu méjì, ohun tó lè bàjẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Bí a bá ṣí i, gbogbo ènìyàn rí i bóyá ó ní ọta tàbí kò ní. Ẹlẹ́nu méjì dára fún ẹni tí ọdẹ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí ó ní ọta kejì bí èkíní bá tàsé. Ṣakabùlà ń ṣiṣẹ́, àwọn alágbẹ̀dẹ Awka tí kò jìnnà sí wa sì ti gbajúmọ̀ tipẹ́ nídìí iṣẹ́ irin àti ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹ sá fún èyí tí wọ́n fi páìpù omi lásán ṣe ẹnu rẹ̀. A kò ṣe páìpù omi fún iná.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ìbọn, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ ṣí i, kí ẹ wo inú ẹnu rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀. Bí ó bá ní ihò, ìpẹta tó ti jẹ irin, tàbí ibi tó wú, ẹ fi í sílẹ̀.

2. Ẹ pa á dé, kí ẹ mì í. Bí ẹnu àti ìdí rẹ̀ bá ń mì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kò dára.

3. Ẹ fi ìdí ìbọn sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ yín. Bí ìka bá dé ibi tí a ń fà láìnà án jù, ó bá yín mu. Ìbọn tó gùn jù fún ọwọ́ kì í rọrùn láti gbé sí èjìká.

4. Ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ẹ ó ti máa rí kátíríìjì rẹ̀ rà. Ìbọn tí kò ní ọta lọ́jà, igi ìdáná ni.

5. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára ìbọn àti lára kátíríìjì, kí wọ́n bára mu. Ẹ má ṣe kó ti 20 àti ti 12 sínú àpò kan. Kátíríìjì 20 máa ń yọ̀ wọ inú ẹnu ìbọn 12, a sì há síbẹ̀. Bí ọdẹ bá rò pé òun kò tíì kì í, tó fi 12 lé e lórí, ọwọ́ rẹ̀ ni yóò bá a lọ.

Ìbọn ayẹyẹ

Níbi ìṣípà ọdẹ, ìró la fẹ́, a kò fẹ́ ẹran. Àwọn onílé wa níhìn-ín mọ èyí: níbi òkú àgbà, àgbá irin kékeré ni wọ́n máa ń kì ní ẹ̀tù, wọn a gbé e kalẹ̀, wọn a sì dáná sí i láti òkèèrè. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kò sì kọjú sí ẹnikẹ́ni. Ìbọn oníkátíríìjì tí a fi ń ṣọdẹ kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ fi í sílé. Bí àṣà bá ní kí a yìn, ṣakabùlà tó ní ìwé ni kí á yìn, ọ̀dọ̀ ẹni kan ṣoṣo tí kò mu ọtí ni kí ẹ̀tù sì wà.

Ẹ̀tù dúdú ni ti ṣakabùlà. Àwọn kan máa ń tú ẹ̀tù inú kátíríìjì dà sínú rẹ̀ kí ó lè ró dáadáa. Ẹ̀tù yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀tù dúdú. Agbára rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí irin ṣakabùlà lè gbà lọ, yóò fọ́ ọ mọ́ ẹni tó gbé e lójú. Bákan náà, ìbọn tí kò ní ọta kì í ṣe ohun ìṣeré. Iná àti àkísà tí a fi dí i lè pa ẹni tó dúró nítòsí. Kí ẹni tí yóò yìn ín yà kúrò láàárín èrò. Ní ti ráífù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yìn ín sókè láé. Ohun tó bá lọ sókè ń bọ̀ wá sílẹ̀, a kò sì mọ orí tí yóò bà lé.

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Ẹ ṣí ìbọn kí ẹ tó wọlé. Ẹ ti ìbọn mọ́ ibì kan, kí ẹ ti ọta mọ́ ibòmíràn, kí kọ́kọ́rọ́ má sì wà níbi tí ọmọdé lè dé. Lálẹ́, ojú tó ń dán nínú iná tọ́ọ̀ṣì kò tó. Àfi kí ẹ rí ara ẹran kí ẹ tó fà á. Ẹran tó sá lọ lónìí, a tún lè pàdé rẹ̀ lọ́la, ṣùgbọ́n ọta tó ti jáde kò ṣe é pè padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, èsì ìbéèrè yín nìyí: ẹ jẹ́ kí ìbọn kọ́bọ́ì wà nínú sinimá. Ẹlẹ́nu kan tó ní ìwé fún oko, ẹ̀tù lásán lọ́wọ́ àgbà fún ayẹyẹ. Ẹni tó bá ní ìbéèrè mìíràn, kí ó bi àwọn ọdẹ àgbà tó jókòó síwájú wa yìí. Ògún kò ní fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀.