Kí Ọkọ̀ Kọ́kọ́ Dúró Ná



Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń dúró de ọkọ̀ ní Ìwó Road, n'Íbàdàn. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àga onítáyà, ó gbé báàgì ìwé lé itan. Takisí Micra mẹ́rin dẹwọ́ eré, wọ́n rí àga náà, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ẹ̀karùn-ún dúró. Ọkùnrin yìí di ilẹ̀kùn mú, ó fi apá rẹ̀ méjèèjì gbé ara rẹ̀ sórí ìjókòó. A bá a ká àga rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀. Búùtù kò pa dé, ni awakọ̀ bá fi okùn so ó. Ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, owó èèyàn méjì lẹ máa san o." Ọkùnrin náà la ọwọ́ rẹ̀. Owó èèyàn méjì ló ti ká mọ́ ọwọ́ tẹ́lẹ̀.

Owó kejì yẹn, òfin ti kà á léèwọ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó de dídẹ́yẹ sí àwọn àkàndá ẹ̀dá ní Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó tiẹ̀ ti ṣe tirẹ̀ láti 2011. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí awakọ̀ má gba kọ́bọ̀ lórí àga onítáyà. Ó ní kí ọkọ̀ dúró kí àkàndá tó wọ̀ ọ́, kó sì dúró kó tó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kí ọkọ̀ èrò máa fi ohùn àti àkọlé sọ ibi tó ń lọ, kí afọ́jú lè gbọ́, kí adití lè rí i. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi sílẹ̀ láti tún àwọn ọkọ̀ àti ilé tí àkàndá kò lè wọ̀ ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kínní 2024.

Àwọn kan á ní owó ni kò sí, pé bọ́ọ̀sì tí àga lè yí wọ̀ wọ́n gógó. Òótọ́ ni, owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n èló ni wọ́n ń ta dídúró? Ẹni tó bá ti wọ dánfó l'Ékòó mọ ohun tí kọ̀ndọ́kítọ̀ ń sọ fún èrò tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀: ẹsẹ̀ òsì ni kó kọ́kọ́ gbé. Ìdí ni pé ọkọ̀ ṣì ń yí lọ. Ìyá tó pọnmọ ń fò, àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ń fò. Níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti ń fò, kí ni kí ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn ṣe?

Àwọn awakọ̀ kan wà tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àkàndá. Mo yìn wọ́n. Àwọn baba wa náà ní ẹni òrìṣà ni àwọn àkàndá, a kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Síbẹ̀, ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ kò tọrọ sàráà. Kó san owó ẹnì kan, kó jókòó, ó tán.

Òfin ìjọba àpapọ̀ náà ní ìtanràn: N100,000 fún ẹnì kan, N1,000,000 fún iléeṣẹ́. Àmọ́ ta ló máa tìtorí owó Micra kan lọ sí kóòtù? Gáréèjì ló yẹ kí òfin yìí gbé. Kò sí awakọ̀ tó ń jáde láàárọ̀ láìgba tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ọwọ́ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì yẹn ń kan gbogbo wọn lójoojúmọ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ tẹ òfin náà sára tíkẹ́ẹ̀tì ní Yorùbá: dúró pátápátá, má gba owó àga. Ẹni tó bá rú u, kó má rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà lọ́jọ́ kejì.

Nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo bi ọkùnrin náà ìdí tí kò fi bá awakọ̀ jiyàn. Ó ní: "Ọ̀nà yìí náà ni mo máa gbà lọ́la, sà. Tí mo bá bá a jà, kò ní í dúró mọ́."