Máàkì Ìdánwò Kọ́ Ni Òṣùwọ̀n Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí Alukoro Ẹgbẹ́ sọ níbi àpérò àyájọ́ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa, ní ìlú Ẹdẹ

      

Nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń pọn ọmọ wá sí ìpàdé. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn ti dé Pámárì Síìsì báyìí. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìdánwò àṣewọlé sí ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. NECO ló ń ṣe Common Entrance lọ́dọọdún fún àwọn tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tí à ń pè ní Unity College. Wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún káàkiri Nàìjíríà. King's College ní Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1909, wà nínú wọn. Ní ìpínlẹ̀ wa, a ní ti Ìkirun, a sì ní ti àwọn obìnrin ní Ìpetumodù. Ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìbéèrè tó ń wo bí ọmọ ṣe ń ronú ló wà nínú ìdánwò náà.

Fún àwọn tó bá yọrí jù, NECO tún ní ìdánwò mìíràn tí wọ́n ń pè ní Gifted. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ọmọ lọ sí Federal Government Academy, Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1986 fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn jí pépé. Ohun ìwúrí ni kí ọmọ ẹni débẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ kan kò lè gba gbogbo ọlọ́pọlọ pípé ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọmọ tí kò débẹ̀ kò dójú ti ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ máàkì fúnra rẹ̀. Máàkì àfiwọlé ìpínlẹ̀ kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti èkejì. Ní 2013, ti Anambra jẹ́ 139, ti Èkó jẹ́ 133, tiwa ní Ọ̀ṣun jẹ́ 127. Ní ọdún yẹn kan náà, ti Kano jẹ́ 67, ti àwọn ọmọkùnrin Yobe sì jẹ́ 2. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ọmọ kan láti Ẹdẹ gba 120. Kò kan ìlà tí wọ́n fà fún ìpínlẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìlọ́po méjì ju ti Kano lọ. Ṣé olódo wá ni ọmọ náà? Rárá o. Ibi tí wọ́n fa ìlà sí ló yàtọ̀. Ní báńkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, iye tó wà nínú àkáǹtì ẹni lónìí kì í sọ iye tí yóò wà níbẹ̀ ní ogún ọdún sí i.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ohun tí àwa òbí ń ṣe nítorí máàkì yìí. Ọmọ á ti ilé ìwé dé, olùkọ́ lẹ́sìn ti jókòó dè é. Sátidé, lẹ́sìn. Bó bá kúrò ní ilé kéwú tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́sìn. Bí èsì bá jáde, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, “Èló ni ọmọ lágbájá gbà?”

Àwọn kan tún ń fi ọdún kún ọjọ́ orí ọmọ. Ìjọba ní kí ọmọ pé ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán. Ní 2023, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ké gbàjarè pé àwọn òbí ń kó ọmọ tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ wá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ ìbí tí a bá purọ́ rẹ̀ kì í sùn. Láti 2014 tí BVN ti dé ni mo ti ń rí àgbàlagbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ nínú BVN kò bá ti NIN mu. Owó rẹ̀ ni, kò sì rí i gbà. Á máa sáré lọ sí kóòtù, á tún sáré padà wá sí báńkì. Bí a bá sì bi í, á ní, “Bàbá mi ló fi kún un nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé ìwé.” JAMB náà ń béèrè NIN báyìí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ti ẹni tí ń sanwó kí wọ́n bá ọmọ rẹ̀ ṣe ìdánwò kò gùn. Bó bá wọlé tán, ta ni yóò máa bá a jókòó ní kíláàsì fún ọdún mẹ́fà?

Kí ni ká wá ṣe? Ẹ jẹ́ kí ọmọ dàgbà tó kó tó ṣe é. Ẹ ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá, kó máa ṣe é fún wákàtí kan lójúmọ́, lẹ́yìn náà kó lọ ṣeré. Ẹ yan ilé ẹ̀kọ́ tí apá yín ká, tí ẹ sì lè máa lọ bẹ ọmọ wò. Bí kò bá sì bọ́ sí i, Baptist High School àti Muslim Grammar School ṣì wà ní ìlú yìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gidi ló ti ibẹ̀ jáde.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ní Àríwá àti Gúúsù Ẹdẹ, tí orí wọn pé, ṣùgbọ́n tí kò sí ẹni tí yóò ra fọ́ọ̀mù fún wọn. Wọn kò tilẹ̀ dé ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ máàkì. Mo dá a lábàá pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra fọ́ọ̀mù fún ọmọ kan tí kì í ṣe tirẹ̀ lọ́dọọdún, kí àwọn olùkọ́ tó wà láàárín wa sì máa kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà ìsinmi. Kí Akọ̀wé jọ̀wọ́ fi í sínú ohun tí a ó jíròrò ní ìpàdé tó ń bọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀.

Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Àwọn ọmọ wa kò ní rá mọ́ wa lọ́wọ́. Ọdún mẹ́wàá mìíràn, a ó tún pé jọ bẹ́ẹ̀, a kò ní dín.