Ǹjẹ́ Irin Inú Òpó Kanra?

 

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìlú ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Àwọn mọlémọlé ti to irin òpó, wọ́n ti fi okùn irin dè é. Lọ́la ni wọn yóò da sìmẹ́ńtì sí i. Ẹ dúró ná! Bí sìmẹ́ńtì bá ti gan, ojú kò ní rí irin náà mọ́.

Kí ni a ń wá lára irin? Ọ̀nà ààrá ni. Bí ààrá bá sán lu ilé, agbára rẹ̀ ń wá ọ̀nà dé ilẹ̀. Bí irin bá kanra láti òkè dé ìpìlẹ̀, yóò gba ibẹ̀ kọjá. Bí irin kò bá kanra, iná yóò fò láàárín wọn, ó sì lè fọ́ òpó. Àwọn ọmọ wa ni yóò jókòó sínú ilé náà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Herbert Ufer, onímọ̀ iná ní Amẹ́ríkà, lo irin inú ìpìlẹ̀ láti darí ààrá wọ ilẹ̀ gbígbẹ ní Arizona. Sìmẹ́ńtì tí ó wà nínú ilẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra, ìyẹn ni iná fi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ tiwa náà máa ń gbẹ nígbà ọyẹ́.

Báwo ni a ṣe lè dán an wò?

1. Ẹ wá bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, gúlóòbù tọ́ọ̀ṣì kan, àti wáyà gígùn.
2. Ẹ so gúlóòbù mọ́ bátìrì, kí orí wáyà méjì ṣẹ́ kù. Ẹ fi orí méjèèjì kanra. Bí gúlóòbù bá tàn, ó dára.
3. Ẹ fi orí kan kan irin lókè òpó, kí ẹ fi èkejì kan irin ìpìlẹ̀.
4. Bí kò bá tàn, ẹ ha ìpẹtà kúrò níbi tí wáyà kàn, kí ẹ tún dán an wò. Bí kò bá tàn síbẹ̀, ẹ wá ibi tí ìdè ti tú, kí ẹ dè é le.

Gúlóòbù kò lè sọ gbogbo rẹ̀. Onímọ̀ iná ní ẹ̀rọ tí ó ń wọn ìdènà inú irin. Láti òkè dé ilẹ̀, kò gbọdọ̀ ju 0,2 ohm lọ. Ẹ pè é kí ẹ tó da sìmẹ́ńtì.

Ẹ má ṣe fi iná ilé dán an wò láé: ó ń pa ènìyàn. Bí òjò bá ṣú, ẹ kúrò nídìí irin.

Ẹ ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè: irin, òpó, ààrá, ìpìlẹ̀. Ó dìgbà kan ná o.