Awò Ojú Ẹja fún Ẹni tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Bí ẹja bá gbójú sókè láti inú omi tí ó pa rọ́rọ́, gbogbo ojú ọ̀run, láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ni ó ń wọ inú òbìrìkìtì kan ṣoṣo lókè orí rẹ̀. Ìdí abájọ ni pé ìmọ́lẹ̀ a máa tẹ̀ bí ó bá ti inú afẹ́fẹ́ wọ inú omi. Robert W. Wood, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, fi garawa tí ó rọ omi kún ṣe kámẹ́rà láti fi ìran náà hàn. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1906 ni ó ti pè é ní ojú ẹja. Garawa àti omi ni iṣẹ́ náà fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe awò olówó iyebíye.

Ǹjẹ́ olùkọ́ tí kò ní ju kámẹ́rà dígítà kékeré kan lọ yóò wá káwọ́ gbera bí? Rárá o.

Ọ̀nà tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ni awò ara ilẹ̀kùn tí a fi ń yọjú wo àlejò. Àwọn tí ń ta àgádágodo a máa ní in. Kí a ká páálí dúdú yí i ká, kí a mú un dúró gbọnin níwájú awò kámẹ́rà, kí àárín àwọn méjèèjì ṣe déédéé. Kí a pa iná fíláṣì, kí a sì yí kámẹ́rà sí ipò tí a fi ń ya ohun tí ó súnmọ́ tòsí. Etí àwòrán náà kì yóò mọ́ tó àárín rẹ̀. Kámẹ́rà tí ẹnu awò rẹ̀ kéré, àti ti fóònù, ni ọgbọ́n yìí bá mu.

Ọ̀nà kejì ni àfikún awò tí a ń dè mọ́ iwájú awò kámẹ́rà. Nikon ṣe ọ̀kan, FC-E8, fún kámẹ́rà Coolpix rẹ̀; dígírì 183 ni ó ń rí, àwọn onímọ̀ igbó sì fi wo bí ewé igi ti bo ojú ọ̀run tó. Àlòkù rẹ̀ ni a lè rí rà báyìí. Ọ̀nà kẹta ni awò tí a ń fi ọwọ́ yí, irú 8mm ti Samyang, fún kámẹ́rà tí awò rẹ̀ ṣeé yọ.

Àwọn kan a máa ní kọ̀ǹpútà yóò ṣe é. Òótọ́ ni pé ó lè mú ìlà títọ́ tẹ̀ bí ọrun, ṣùgbọ́n kò lè fi ohun tí awò kò rí kún àwòrán, àfi bí a bá ya àwòrán púpọ̀ yí ká kí ó lè so wọ́n pọ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti gba àkíyèsí. Bí ó bá jẹ́ fún ìwòran, awò ara ilẹ̀kùn tó. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ fi àwòrán wọn iye ojú ọ̀run tí igi bò, kò gbọdọ̀ gba iye dígírì tí a kọ sára páálí awò gbọ́ láìdán an wò. Kí ó fi ẹfun fa ìdajì òbìrìkìtì ńlá sílẹ̀, kí ó gbé kámẹ́rà sí àárín rẹ̀, kí ó ri ọ̀pá mọ́ ojú ìlà náà ní gbogbo dígírì 10, kí ó sì ya wọ́n. Ibi tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan bá bọ́ sí nínú àwòrán ni yóò sọ òtítọ́ awò náà fún un.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó fẹ́ fi àwòrán ṣe ni yóò mọ iye tí ó yẹ kí ó ná.