Bí Ìwé Ilẹ̀ Bá Jóná, Ta Ni Kóòtù Gbọ́dọ̀ Sọ Fún?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹbí sọ níbi ìpàdé wa ní Des Plaines

  

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, torí ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní ilé níbí, tó tún ní púlọ́ọ̀tì kan nílé. Ẹ máa ń bi wá pé: bí ìwé ilẹ̀ bá jóná tàbí tó sọnù, ṣé ilẹ̀ ti lọ nìyẹn? Rárá o. Ìwé ló jóná, ilẹ̀ ò jóná. Ṣùgbọ́n kí kóòtù tó fọwọ́ sí ìwé tuntun, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́. Ibi gbígbọ́ yẹn gan-an ni wàhálà wà fún àwa tí a jìnnà sílé, tí a sì ń kó láti ilé dé ilé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1871, iná ńlá kan jó Chicago. Ó jó ilé ẹjọ́ Cook County, ó sì jó àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Iná náà ò dé Des Plaines, ṣùgbọ́n abẹ́ Cook County ni Des Plaines wà, ibẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àwọn àgbẹ̀ ibí wà. Oko wọn wà, ìwé ìjọba ló di eérú. Ohun tó ṣàánú wọn ni pé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń kọ ìtàn ilẹ̀ sílẹ̀ rí ìwé tiwọn gbé sá jáde.

Ní 1872, ìjọba Illinois ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Burnt Records Act. Onílẹ̀ yóò gbé ẹ̀bẹ̀ lọ sí kóòtù, yóò sọ bí ilẹ̀ ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, yóò sì dárúkọ ẹni tó ń gbé orí rẹ̀ àti ẹlòmíràn tó ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀. Àwọn tí a kò mọ̀ ńkọ́? Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi ń ké sí wọn, pé kí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn yọjú. Ẹni tí kò yọjú, ìdájọ́ lè dè é.

Ohun kan náà ṣẹlẹ̀ ní San Francisco lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì, tí iná sì jó ìlú náà ní 1906. Òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù méjì, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ náà gan-an. Àbí ẹ ò rántí “Ilé yìí kì í ṣe títà” tí à ń kọ sára ògiri nílé? Ọgbọ́n kan náà ni: kí ẹni tó bá kọjá lè kà á. Ní 1911, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé òfin náà dára. Ní 1950, ilé ẹjọ́ yẹn kan náà tún là á sílẹ̀ nínú ẹjọ́ mìíràn pé ẹni tí a bá mọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, ìwé ìròyìn nìkan ò tó fún un. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ní Illinois lónìí, ẹni tó bá fẹ́ fi ìwé ìròyìn pè yín sí ẹjọ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ búra pé òun wá yín títí, òun ò rí yín. Ìkéde yóò jáde lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léra wọn. Akọ̀wé kóòtù yóò fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí wọ́n bá mọ̀. Ó kéré tán, ọgbọ̀n ọjọ́ gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn ìkéde àkọ́kọ́ kí wọ́n tó lè dá ẹjọ́ lẹ́yìn yín. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn bíi Chicago Daily Law Bulletin, tí àwọn lọ́yà ń kà, ni ìkéde náà lè wà. Ta ni nínú wa ló ń rà á?

Ẹbí kan tí a mọ̀ kó kúrò ní ilé kan, wọn ò yí àdírẹ́sì padà. Lẹ́tà kóòtù lórí ilé tí ẹ̀gbọ́n wọn fi sílẹ̀ lọ sí ilé àtijọ́. Ẹni tó gba ilé náà gbé e sílẹ̀ láàárín bébà ìpolówó ọjà. Ọpẹ́ ni pé ó pè wọ́n. Ọjọ́ díẹ̀ ló kù.

Bó bá ti kọjá, ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹni tí wọ́n fi ìwé ìròyìn nìkan pè lè padà lọ sí kóòtù láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọ́n bá fi ìdájọ́ tó o létí, tàbí láàárín ọdún kan bí wọn ò bá fi tó o létí. Ẹ sáré wá lọ́yà.

Nílé náà ńkọ́? Bí C of O bá sọnù ní Èkó, wọ́n máa ń béèrè ìwé ọlọ́pàá, ìwé ìbúra ti kóòtù, àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn, kí ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Aláùsá tó fún ènìyàn ní ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ìkéde yẹn ń dáàbò bò yín bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣe é. Bí ajagungbalẹ̀ bá ṣe é ní orúkọ yín ńkọ́? Ẹ̀yin wà ní Des Plaines, ẹ ò lè rí i.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin la bẹ̀ yín:

1. Ẹ yí àdírẹ́sì yín padà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń gba owó orí ilé, ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá kó.

2. Bí ilé ìfìwéránṣẹ́ bá fi bébà sílẹ̀ pé kí ẹ wá buwọ́ lu lẹ́tà, ẹ lọ gbà á. Kíkọ̀ ọ́ kì í pa ẹjọ́.

3. Ẹ forúkọ ilé yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé Cook County fún ìkìlọ̀ ọ̀fẹ́ tó ń sọ fún yín bí ẹnì kan bá fi ìwé sílẹ̀ ní orúkọ yín.

4. Ẹ pa ẹ̀dà ìwé ilẹ̀ ilé mọ́ sí ibi méjì, kí ẹ sì ní ẹni tí ẹ fọkàn tán tí yóò máa dé orí ilẹ̀ náà, tí yóò sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀.

A kì í ṣe lọ́yà o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí lẹ́tà tí kò yé e, kó mú un wá. A ó bá a kà á, a ó sì júwe ibi tí yóò ti rí lọ́yà. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín. Lẹ́tà tí a ò kà ló ń gba ilé lọ́wọ́ ènìyàn.