Ẹ San Owó Àwìn Kí Ọjọ́ Ọdún Tó Dé



 

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta ọjà kéékèèké la fẹ́ bá yín sọ lónìí. Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ti rí láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà epo bẹntiróò kan tí à ń rà ní bíi ₦185 l'Ékòó fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Owó ọkọ̀ lọ sókè, owó ọjà tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́n nìkan kọ́ ló ń pa ọlọ́jà. Àwìn wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìyá kan ra àpò gààrí mẹ́wàá ní ₦20,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tà á ní ₦23,000. Mẹ́fà lọ lówó, mẹ́rin lọ láwìn. Ẹni tó bá wo ìwé rẹ̀ á ní ó ti jèrè ₦30,000. Ó dáa, owó ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? ₦138,000 péré ni. Ó padà síbi tó ti ń rajà, àpò kan ti di ₦27,000. Márùn-ún ló lè rà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tó rà láwìn kó ₦92,000 rẹ̀ wá, wọ́n tún ń rẹ́rìn-ín pé àwọn ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀ mọ́. Àpò mẹ́ta nìyẹn rà. Mẹ́wàá ti di mẹ́jọ, a ò sì tíì ka owó ọbẹ̀ àti owó ilé ìwé ọmọ.

Ìyá yìí ò ná ìná àpà. Àwa tí a rà láwìn la jẹ ọjà rẹ̀ tán.

Nínú Suratul Bakọrah, aya 280, Ọlọ́hun ní kí a fún onígbèsè tó wà nínú ìnira láàyè. Àwọn onígbèsè mọ aya yìí ju orúkọ bàbá wọn lọ! Ẹni tí kò ní ló wà fún o. Ẹni tó ní, tó ń fi òní dọ́la, Ànábì wa pè é ní alábòsí. Kí la fẹ́ pe ẹni tó ń dá aṣọ ọdún, tó sì jẹ owó gààrí?

Ẹ̀yin ọlọ́jà náà, aya 282 ní kí a kọ gbèsè sílẹ̀. Ẹ ra ìwé, kí ọmọ bá yín kọ orúkọ, iye àti ọjọ́ tí wọn yóò san. Ẹ má fi owó ọjà ra ẹja láìkà á. Kí ẹ tó dá iye lé ọjà, ẹ bèèrè iye tí ẹ ó fi rà á padà. Ẹ sì jìnnà sí owó èlé orí fóònù.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, onígbèsè wà nínú àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí. Ẹ wá wọn lọ ní ìkọ̀kọ̀, ojú ń tì wọ́n.

Àkókò wa ti tán. Lọ́la, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, a ó sọ bí ẹni tí ọrọ̀ rẹ̀ pé ìwọ̀n ṣe ń ka ọjà inú ṣọ́ọ̀bù àti owó tó wà níta kí ó tó yọ ₦25 nínú ₦1,000. Ẹ mú bírò dání.